Kí A Tó Pè É Ní Jẹ̀díjẹ̀dí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìró tí ń Yàwòrán Àrùn Ìdí

    Ilẹ̀ tí a wà yìí kò jìnnà sí Ìga Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ààfin mọ ohun tí ẹnu ń sọ, kí ó sì mọ ohun tí ẹnu ń pa mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wà lára ohun tí ẹnu ń pa mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìdí ni. Mo túúbá lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ìtìjú yóò mú. Ṣùgbọ́n Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ni a wà, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, nítorí náà ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ bá mi gbé e tọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe oníṣègùn ìbílẹ̀, ìbáà ṣe dókítà, sọ àrùn ìdí ènìyàn lórúkọ nígbà tí kò ì tí ì rí i? Èsì mi ni pé kò tọ́. Inú ògiri ẹran tí ó yí ihò ìdí ká ni púpọ̀ nínú àrùn wọ̀nyí ń gbé; ojú kò dé ibẹ̀, ìka kò dé gbogbo rẹ̀, ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ni ó ń dé ibẹ̀ tí ó sì ń mú àwòrán bọ̀. Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ. Ìyókù jẹ́ ẹ̀rí.

Èkínní: ohun tí à ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí

Ìyá wo ni ó tọ́ ọmọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò tíì lé ọmọ náà kúrò nídìí ṣúgà, kí ó sì kìlọ̀ fún un pé jẹ̀díjẹ̀dí ni yóò gbẹ̀yìn adùn? Orúkọ yìí ni a fi sọ ẹ̀jẹ̀ tí ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́, òun náà ni a fi sọ ẹran tí ń yọ jáde nígbà tí a bá fi tipátipá yàgbẹ́, òun ni a fi sọ ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìdí híhún, ẹ̀yìn ríro, eéwo tí ó so sí ẹ̀gbẹ́ ìdí, àti àìlera ọkùnrin nídìí aya rẹ̀ pàápàá. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Ìdúmọ̀tà, kí àwọn ọkọ̀ tó máa pariwo, ẹ ó rí ìyá alágbo tí ó gbé bàsíà rẹ̀ kalẹ̀, tí ìgò dúró ṣùṣù nínú rẹ̀, egbò nínú òmíràn, èèpo nínú òmíràn, ògógóró nínú èyí tí àwọn awakọ̀ fẹ́ràn jù, oníbàárà yóò bẹ̀rẹ̀, ìyá yóò bi í pé, “Ti jẹ̀dí ni tàbí ti ibà?” yóò sì bu díẹ̀ sínú ife kékeré. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo àyẹ̀wò. Àwọn àgbà ní ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé kò tilẹ̀ jọ ohun tí ó ń ṣe ọlọ́ya kejì.

N kò wá láti bú alágbo. Púpọ̀ nínú àgbo jẹ̀dí a máa mú ìgbẹ́ rọ̀, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá sì rọ̀, tí kò fi tipátipá yà á mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dá, ìrora rẹ̀ lè fò lọ. Ibẹ̀ ni ìyìn àgbo náà ti ń wá, òtítọ́ sì wà nínú ìyìn náà. Ibi tí ó burú sí ni pé ẹni tí àgbo ràn lọ́wọ́ àti ẹni tí àgbo kàn fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún ìyá alágbo ní àárọ̀: ẹ̀jẹ̀ ni, ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a ya àwọn àrùn náà sọ́tọ̀. Tìmùtìmù ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ wà ní ìdí gbogbo ènìyàn láti ìgbà tí a ti bí i; nígbà tí ó bá wú tí ó sì yọ̀ wá sílẹ̀ ni ó di àrùn, èyí sì ni jẹ̀díjẹ̀dí gan-an bí àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n. Èkejì ni kí awọ ẹnu ihò là, tí ó ń ro ni bí ẹni fi abẹ gé e. Ẹ̀kẹta ni eéwo tí ọyún rẹ̀ wá ọ̀nà jáde, tí ọ̀nà náà kò sì dí mọ́. Ẹ̀kẹrin ni iṣan tí ó ya, tí ìgbẹ́ ń bọ́ lára ẹni láìfẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni jẹjẹrẹ. Ẹ kíyè sí i pé ìtọ́jú wọn a máa lòdì síra: nínú ẹ̀kẹta, oníṣẹ́ abẹ lè ní láti gé iṣan, nínú ẹ̀kẹrin, iṣan kan náà ni yóò rán pọ̀. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ó ti ba ayé ọmọlàkejì rẹ̀ jẹ́.

Èkó kò ṣàì ní àwòkọ́ṣe fún ohun tí mo ń wí. Dókítà Ògúntọ́lá Ṣàpárà, ọ̀kan nínú àwọn dókítà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, kò kórìíra ewé àti egbò. Ó ṣe ìwádìí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbóná ń pa ènìyàn, kò jókòó sí ẹ̀yìn ògiri kí ó máa méfò. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olóòṣà Ṣọ̀pọ̀nná láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara alárùn láti fi tan àrùn náà kálẹ̀, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, títí ìjọba fi fòfin de ẹgbẹ́ náà. Ó wọlé, ó rí, kí ó tó sọ̀rọ̀.

Èkejì: bí Ẹlẹ́dàá ti mọ ìdí

Ihò ìdí kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, iṣẹ́ tí ó ń ṣe sì ju ti ẹnu lọ, nítorí ó gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbẹ́ líle, ìgbẹ́ ṣíṣàn àti isó, kí ó di èyí tí ó yẹ mú, kí ó sì jọ̀wọ́ èyí tí ó yẹ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ojú má sì ti olúwa rẹ̀. Iṣan méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ti inú tẹ́ẹ́rẹ́, ìnípọn rẹ̀ kò ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ó ń dé ihò náà tọ̀sán-tòru, bí a bá sùn, òun kì í sùn. Ti òde nípọn jù ú, òun ni a fi ń fún ìdí mọ́ra nígbà tí ìgbẹ́ bá gbọ̀n wá tí a kò sì tí ì dé ilé. Lára obìnrin, ìhà iwájú iṣan òde kúrú ju ti ọkùnrin lọ, ibẹ̀ gan-an ni orí ọmọ sì ń gbà kọjá.

Àwọn baba wa ti mọ ọlá ìdí kí a tó rí ẹ̀rọ kankan. Wọ́n ní bí ìdí ìkookò kò bá dá a lójú, kì í gbé egungun mì.

Ẹ̀kẹta: ìró tí etí kò gbọ́

Ẹni tí ó bá ké sínú igbó tí ògiri òkúta wà yóò gbọ́ gbohùngbohùn, bí ògiri náà bá sì jìnnà, gbohùngbohùn yóò pẹ́ kí ó tó dé. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ tí à ń pè ní síkáànù nìyí. Etí ènìyàn kò gbọ́ ìró tí ó bá gbọ̀n ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, èyíinì ni 20,000, nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró tí a fi ń wo ìdí a máa gbọ̀n tó mílíọ̀nù 10, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ rán an sínú ẹran, ó ń sáré bíi mítà 1,540 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ibikíbi tí ẹran kan bá sì ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ta padà. Ẹ̀rọ ka àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀, ó sì sọ ọ́ di àwòrán dúdú àti funfun. Ìró tí ó bá yára gbọ̀n a máa fi ohun tí ó kéré hàn, ṣùgbọ́n kò lè rìn jìnnà. Ìdí nìyẹn tí síkáànù orí ikùn kò fi lè rí iṣan ìdí dáadáa, tí a fi ní láti gbé ojú ẹ̀rọ sún mọ́ ohun tí a fẹ́ rí.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow ni wọ́n fi hàn gbogbo ayé ní 1958, nínú ìwé ìròyìn The Lancet, pé ìró lè fi kókó inú ikùn hàn. Ní Amẹ́ríkà, John Wild àti John Reid ti ń ti ọ̀pá ẹ̀rọ sínú ìdí láti wá jẹjẹrẹ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ní 1989 ni Law àti Bartram ti ilé ìwòsàn St Mark's ní London ṣàlàyé bí a ti ń wo iṣan ihò ìdí fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀: ní 1835 ni a dá St Mark's sílẹ̀ fún àwọn tálákà tí àrùn ìdí ń bá jà, bẹ́ẹ̀dì méje péré ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ ìdí kò tì lójú ni wọ́n wá di olùkọ́ gbogbo ayé.

Báwo ni a ti ń ṣe é? Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, yóò ká orúnkún rẹ̀ mọ́ àyà, a ó fi aṣọ bò ó. Dókítà yóò kọ́kọ́ fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ ibẹ̀ wò, nítorí ẹ̀rọ kò gba ipò ìka. Ọ̀pá náà kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. A fi kọ́ńdọ̀ọ̀mù bò ó, a fi jẹ́lì pa á lára, a sì rọra tì í wọlé. Kò lo ìtànṣán, kò gba abẹ́rẹ́ oorun, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lójú ẹ̀rọ, ẹ ó rí òrùka nínú òrùka, gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀sà nígbà tí a bá sọ òkúta sí i: funfun ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà òrùka dúdú tí kò ní àbàwọ́n, iṣan inú nìyẹn; lẹ́yìn rẹ̀ ni òrùka tí ó funfun díẹ̀ tí ó rí wúruwùru, iṣan òde nìyẹn. Bí òrùka dúdú náà bá já níbì kan, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ̀ pé iṣan ti ya.

Ẹ̀kẹrin: àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni abiyamọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó sì pẹ́ sí jù. Ní 1993, Abdul Sultan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n fi ẹ̀rọ yìí wo ìdí àwọn aboyún kí wọ́n tó bí, wọ́n sì tún wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbí. Nínú 79 tí wọ́n bí àkọ́bí wọn lójú ara, 28 ni iṣan wọn ti bàjẹ́, èyíinì ni 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn 10 tí wọ́n fi irin fa ọmọ wọn, 8 ni iṣan wọn bàjẹ́. Nínú àwọn 23 tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ wọn jáde, kò sí ẹyọ kan tí ó ní ìbàjẹ́ tuntun. Àwọn tí wọ́n gbẹ̀bí wọn kò sì rí i ju díẹ̀ lọ nínú gbogbo èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó wò: àwọn obìnrin wọ̀nyí ti gba oríire ọmọ, a ti kí wọn kú ewu ọmọ, wọ́n ti lọ sílé, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Ta ni ó bímọ ní erékùṣù yìí tí kò mọ irú obìnrin tí mo ń wí? Ó ti di ẹni tí kò lọ sí òde àríyá mọ́ bí kò bá mọ ibi tí ilé ìgbẹ́ wà. Ó ń gbé aṣọ ìpàrọ̀ sínú báàgì. Bí ó bá ń kírun tàbí tí ó ń kọrin nínú ìjọ, isó á bọ́ lára rẹ̀, á sì máa rò pé ayé ni ó ń ṣe òun. Nígbà tí ó bá sọ ọ́ fún ẹnìkan, wọn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ìbímọ ni. Àgbo tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ni wọn á sì gbé fún un, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbẹ́ tí ó rọ̀ gan-an ni iṣan tí ó ya kò lè dì mú. Ìdí tí mo fi ní kí a rí i kí a tó pè é lórúkọ nìyí.

Ó yẹ kí n fi apá kejì ìtàn náà kún un. Ní 2006, Sultan kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé púpọ̀ nínú yíya wọ̀nyí ni ojú àti ìka lè rí lórí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ gan-an, bí agbẹ̀bí bá ti kọ́ bí a ti ń wò ó. Ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí. Nígbà tí àṣírí tú tán ni ìka wá mọ ohun tí yóò máa wá.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ẹni tí eéwo ìdí rẹ̀ kò jinná, tí ọyún ń jáde láti ihò kékeré ní ẹ̀gbẹ́ ìdí, tí ó bá dí lónìí, á tú lọ́la. Kì í ṣe àrùn àwọn aláìmọ́. Louis kẹrìnlá, ọba Faransé, ni ó ni ín, wọ́n sì là á ní 1686. Charles Dickens ni ó ni ín, ọ̀gbẹ́ni Frederick Salmon tí ó dá St Mark's sílẹ̀ ni ó là á ní 1841, láìsí oògùn oorun. Ohun tí ó le nínú rẹ̀ ni ọ̀nà tí ọyún náà gbà. Ní 1976 Alan Parks pín ọ̀nà wọ̀nyí sí mẹ́rin: òmíràn gba àárín iṣan méjèèjì, òmíràn la iṣan òde kọjá, òmíràn gòkè rékọjá iṣan kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ìkẹrin tilẹ̀ gba òde gbogbo wọn. Oníṣẹ́ abẹ tí ó bá la ọ̀nà tí kò mọ̀, ó lè gé iṣan tí aláìsàn kò ní òmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀. Ìró a máa fi ọ̀nà náà hàn ní dúdú. Bí a bá sì fún háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì díẹ̀, omi tí àwọn oníkẹ́mísì ń tà fún fífọ egbò, sínú ihò ìta, yóò hó, ìhó náà yóò sì mú ọ̀nà tí ó dúdú funfun lójú ẹ̀rọ láti òde títí dé inú.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni jẹjẹrẹ ìfun ìdí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba ìpẹ́. Denis Burkitt, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé ní 1971 pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ṣọ̀wọ́n ní Áfríkà nítorí okun inú oúnjẹ (fáíbà) tí ó pọ̀ nínú ohun tí à ń jẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa létí, a sì fi ṣe orí ìrọ̀rí. Lónìí, àwọn dókítà Ifẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́ African Research Group for Oncology, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alátiṣe wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ń pe ènìyàn tí ìdí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, nítorí wọ́n ti rí i pé púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn wa kì í dé títí àrùn náà yóò fi jìnnà. Ògiri ìfun ìdí a máa fara hàn lójú ìró ní ìpele márùn-ún, funfun, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Bí kókó kan bá ti jẹ ìpele kejì tàbí ìkẹrin, ó hàn, ọ̀nà tí a ó gbà tọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi àgbo jẹ̀dí wẹ ẹ̀jẹ̀ yìí fún ọdún kan ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ̀karùn-ún: ibi tí ìró kò dé

Bí mo bá dákẹ́ níhìn-ín, mo ti di ẹni tí ń polówó ẹ̀rọ. Jẹ̀díjẹ̀dí gan-an, ẹran tí ó wú, kò nílò ìró. Ọ̀pá kékeré tí dókítà fi ń fi ojú wo inú ihò náà tó. Ẹni tí awọ ìdí rẹ̀ là kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọ̀pá sí i. Ojú ni a fi ń wò ó, ìkà ni ẹni tí ó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ tí ó ti dí ọ̀nà kì í jẹ́ kí ọ̀pá kọjá, èyí tí ó sì ti jẹ kọjá ògiri ìfun, ẹ̀rọ MRI ni ó mọ̀ ọ́n jù. Síbẹ̀ àríyànjiyàn mi kò yẹ̀: nínú gbogbo wọ̀nyí, rírí náà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ojú tó, kí ojú wò, bí ojú kò tó, kí ìró wò.

Ẹnìkan yóò bi mí pé níbo ni a ó ti rí owó ọ̀pá náà, nígbà tí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ọ̀dán láti 1893 ní ohun tí ó tó o láti rà. Mo ní èsì kan tí ẹ lè má tíì gbọ́. Kò sí òpópó ní erékùṣù yìí tí kò ní ibi tí wọ́n ń ṣe síkáànù aboyún. Ojú ẹ̀rọ aboyún náà gan-an, bí a bá fi rọ́bà bò ó, tí a gbé e sí agbede-méjì ojú ara àti ihò ìdí lóde, láìtì í wọlé rárá, a máa fi òrùka iṣan méjèèjì hàn. Kò mú un mọ́lẹ̀ tó ọ̀pá inú, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ẹni tí ó yẹ kí a rán lọ síwájú. Ohun tí ó kù ni kí a kọ́ àwọn tí ń lò ó, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí Erékùṣù Èkó, níbi tí àwọn abiyamọ ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ìyá alágbo, ẹ̀yin ni mo ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún, nítorí ẹ̀yin ni aláìsàn ń kọ́kọ́ rí. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, n kò bá yín jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá dàpọ̀ mọ́ ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ yí padà tí ara sì ń rù, bí ọyún bá ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ ìdí, tàbí bí abiyamọ bá sọ fún yín pé ìgbẹ́ tàbí isó ń bọ́ lára òun láìfẹ́, ẹ má bu ife fún un. Ẹ júwe Ọ̀dán fún un, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ nígbà tí ó bá dé ibẹ̀: kí ó má pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí fún dókítà, kí ó sọ ohun tí ń jáde, àwọ̀ rẹ̀, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àti bí ó ti bímọ tó. Obìnrin tí a bá sì ti rán iṣan rẹ̀, bí ó bá tún lóyún, kí ó padà wá kí oyún náà tó dàgbà, kí a wo òrùka náà kí ó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kí òun àti dókítà rẹ̀ lè jọ yan ọ̀nà tí ọmọ kejì yóò gbà wá.